Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá: Ọmọ Odò-Ọwá Tí Wọ́n Pè Ní Wèrè Lọ́jọ́ Ọjà



Ọjà la ti máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn, èyí tí à ń gbọ́ láti bí ọdún mélòó kan kò sì dára. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn pa Ọba ìlú Koro. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n ya wọ ilé ìjọsìn CAC kan ní Eruku nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó èèyàn 38 wọ igbó. Ọjọ́ 23 oṣù náà ni wọ́n tó gba ìdáǹdè. Koro àti Eruku ò jìnnà sí wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń béèrè pé báwo la ṣe máa ṣe é tí ìgbàgbọ́ wa ò fi ní jó rẹ̀yìn. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn ọmọ agbègbè wa tí Ọlọ́run lò nínú ìjọ CAC láti ìbẹ̀rẹ̀.

Odò-Ọwá ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1904. David Rótìmí ni bàbá rẹ̀, Martha Tàlàbí ni ìyá rẹ̀. Bàbá yìí wà lára àwọn tó jẹ́ kí ìjọ CMS fìdí múlẹ̀ nílùú náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mú un lọ sí apá Èkó lọ sílé ìwé. Kò kàwé lọ títí, ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, lẹ́yìn náà ó wọ iṣẹ́ PWD, ó ń wa ẹ́ńjìnnì ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, ó ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nítòsí Ìkéjì-Arákejì, ni ẹ́ńjìnnì náà bá dúró gbagidi. Kò rí ohun tó bà jẹ́ lára rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ ohùn tó pe òun lórúkọ, tó ní kí òun fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí òun lọ wàásù. Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ lóòótọ́. Yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ wà ní Ìkéjì-Arákejì lónìí.

Ẹ̀yin ìyá wa, ibi tó kan ọjà nìyí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rán an ni pé kó padà sí Odò-Ọwá lọ́jọ́ ọjà, kó fi imọ̀ ọ̀pẹ bora, kó fi èédú kun ara. Ẹ sáà wò ó, ọmọ tí gbogbo ọjà mọ bàbá rẹ̀! Ó ń kéde pé ewu ń bọ̀ bí ìlú kò bá ronú pìwà dà. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Wọ́n mú un, wọ́n fà á dé ọ̀dọ̀ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní Ìlọrin pé ó ń da ìlú rú. Ajẹ́lẹ̀ ò rí ẹ̀sùn kankan dì mọ́ ọn lọ́rùn, ó tú u sílẹ̀.

Ìtàn sọ pé kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìgbóná, ìyẹn ṣànpọ̀nná, bẹ́ sílẹ̀ ní Odò-Ọwá. Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí àrùn yẹn jẹ́. Ọdún 1980 ni wọ́n tó kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé. Wọ́n wá ránṣẹ́ pe ẹni tí wọ́n lé. Òun náà lè sọ pé ṣebí òun ti sọ fún wọn. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń gbàdúrà fún àwọn aláìsàn, wọ́n sì ní ara wọn yá.

Ìròyìn burúkú ò tán níbẹ̀ o. Nígbà tí àdúrà òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbóná nínú ìjọ bàbá rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Ní oṣù keje ọdún 1930, ó dé Òkè-Ooyè ní Iléṣà. Ọdún tí owó kòkó àti ekùrọ́ wálẹ̀ káàkiri ayé nìyẹn, owó orí sì wà lọ́rùn àwọn èèyàn. Èrò wọ́ wá láti ibi gbogbo, wọ́n ń gbé omi wá kó gbàdúrà sí i. Ní ọdún 1932, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin nítorí ìwàásù rẹ̀ lórí àjẹ́ ní Otuo. Ó jáde, ó tún gbé agogo rẹ̀. Ní ọdún 1936 ó dé Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí.

Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò gba oògùn rárá, ìyẹn sì wà lára ohun tó pín wọn níyà pẹ̀lú àwọn míṣọ́nárì òyìnbó tó ń lo kuníìnì. Àwa ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ sí ọsibítù o! Ẹ gbàdúrà, ẹ sì gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ó sùn nínú Olúwa ní Ẹdẹ ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 1959, lẹ́ni ọdún 55. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n sin ín sí.

Ohun tí a rí kọ́ ni pé Wòlíì yìí ò di etí sí ìròyìn burúkú, kò sì jẹ́ kó dá òun jókòó. Ilé tí ìṣòro wà ló gbé ìgbàgbọ́ rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ìròyìn bá tún dé ọjà, kí a tó gbé e lọ sí ìsọ̀ kejì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè pé ilé ta ló ṣẹlẹ̀ sí, kí la sì lè gbé dé ibẹ̀: àdúrà, oúnjẹ, tàbí owó díẹ̀ nínú àpò ẹgbẹ́. Kristẹni wa lè ṣe é, Mùsùlùmí wa náà lè ṣe é. Bó ti wù kí òru gùn tó, ilẹ̀ á mọ́. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ̀nà oko àti ọ̀nà ọjà wa o. Àmín.