ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: ÌWÉ TÓ SỌNÙ LẸ́Ẹ̀MEJÌ

Bíbélì kíkà: Jeremáyà 36:27-32.

Ẹ ti kà á bí ọba ṣe sọ ìwé Jeremáyà sínú iná, tí Bárúkù sì tún jókòó kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ nǹkan, ì báà jẹ́ orin ẹgbẹ́ akọrin, eré Àjíǹde tàbí ìtàn ìjọ, tí ẹ ti pa á tì nítorí ọ̀rọ̀ ò wá mọ́, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká wo ayé Àlùfáà Samuel Johnson.

Ìlú Hastings ní ilẹ̀ Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1846, ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá rẹ̀. Ó ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ó di àlùfáà CMS ní Ọ̀yọ́. Nígbà ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ dojú kọ ara wọn láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí náà, ó wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti ibùdó kan lọ sí èkejì, títí wọ́n fi ṣe àdéhùn ní 1886. Ó ń bi àwọn àgbà léèrè, ó ń bi àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́. Nígbà tó fi di 1897, ó ti kọ ìtàn Yorùbá tán.

Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n dákẹ́ lọ́hùn-ún. Ní 1900, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, débẹ̀, ó sì lọ béèrè. Wọ́n ní àwọn ò mọ ibi tí àwọn gbé e sí mọ́, pé àwọn ṣe tán láti san owó rẹ̀. Owó kẹ̀! Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún! Ní oṣù kẹrin ọdún 1901, Samuel kú.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀ nìyí. Dókítà ò sáré gbé kálámù. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà pé ọkàn òun rẹ̀wẹ̀sì, pé bí iṣẹ́ náà ṣe tóbi tó ń ba òun lẹ́rù. Ọ̀mọ̀wé bíi tirẹ̀! Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má pè yín ní ọ̀lẹ, kí wọ́n má sì máa lé ẹ̀mí èṣù kiri lórí ohun tí àárẹ̀ àti ẹ̀rù dá sílẹ̀. Ohun tó padà gbé e dìde ni pé ojú ń tì í kí làálàá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣòfò.

Samuel ti fi àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ sílẹ̀, títí kan àwọn ìwé àkọ́kọ́ tí kò mọ́. (Ẹ̀yin tí ẹ ń pa orin àbọ̀ rẹ́ lórí fóònù, ẹ gbọ́ o.) Àwọn ni Dókítà kó jáde. Ó tún àwọn orí kan kọ, ó gé àwọn kan kúrú, ó fẹ àwọn mìíràn lójú, ó sì fi tuntun kún un níbi tó yẹ.

Wàhálà ò tíì tán. Ní oṣù kìíní ọdún 1916, nígbà ogun àgbáyé, àwọn ará Jámánì mú ọkọ̀ ojú omi Appam tó ń gbé ìwé náà lọ, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Odindi ọdún méjì, kò sí ìròyìn. 1918 ló tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́, bébà sì ti wọ́n gógó. Dókítà náà kú ní 1920.

1921 ni ìwé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n ò rí i, àbúrò ò rí i. Ṣùgbọ́n títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ Kírìjì, inú rẹ̀ ló ń lọ wò.

Àdúrà: Olúwa, èyí tí mo ti gbé jù sísàlẹ̀ àpótí, fún mi lágbára láti ṣí i lónìí. Àmín.