Alfred Büchi, Ẹni tí ó Sọ Èéfín di Agbára

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 1879, ni a bí Alfred Büchi ní ìlú Winterthur ní ilẹ̀ Swítsàlandì. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni a fi mọ ìlú náà, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Sulzer tí ó wà níbẹ̀. Ọmọ tí a bí sí ìdí àgbẹ̀dẹ kì í bẹ̀rù ariwo owú. Bẹ́ẹ̀ ni Büchi náà lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Zurich. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1903, lẹ́yìn èyí ni ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun kan gba ọkàn rẹ̀ púpọ̀, èyí nì ni òfò. Bí epo bá jó nínú ẹ́ńjìnnì, apá púpọ̀ nínú ooru rẹ̀ ni ó ń bá èéfín jáde lọ lásán, bí omi tí a pọn sínú agbè tí ó lu. Büchi rò pé èéfín yìí lè ṣiṣẹ́ kí ó tó lọ. Ó ní kí èéfín máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ irin kan kí ó máa yí, kí ọ̀pá irin so ó mọ́ abẹ̀bẹ̀ kejì, kí èkejì yìí sì máa ki afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ sí i, epo tí ó lè jó a pọ̀ sí i, agbára a sì ga láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní ọdún 1905, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 26, ó mú ọgbọ́n yìí tọ ìjọba Jámánì lọ, kí wọn lè fi òǹtẹ̀ lù ú pé tirẹ̀ ni. Ẹ̀rọ náà ni a ń pè ní tọ́bò lónìí.

Èrò dùn ún rò, ṣùgbọ́n ìdí iṣẹ́ ni a ti ń mọ òtítọ́ rẹ̀. Büchi padà sí ilé-iṣẹ́ Sulzer, ó sì ń dán ọgbọ́n náà wò. Ní ọdún 1915, èyí tí ó kọ́kọ́ ṣe kò ṣeé gbára lé rárá. Ẹlòmíràn ì bá ti pa á tì, ṣùgbọ́n òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba: ní ọdún 1925, lẹ́yìn ogún ọdún gbáko, iṣẹ́ náà yọrí. Nígbà tí a fi tọ́bò sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ Jámánì méjì, Preussen àti Hansestadt Danzig, agbára tí ó jẹ́ ti ẹṣin 1,750 tẹ́lẹ̀ di ti ẹṣin 2,500.

Ẹ̀rọ yìí kò gba àìbìkítà. Nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní, ọ̀pá àárín rẹ̀ lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ọ́ìlì ni kò sì jẹ́ kí ó jóná. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń gbé ọ́ìlì wọlé, nítorí ẹ́ńjìnnì ni ó ń fi agbára tì í. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń jáde, ó ti di eléfòó, kò sì sí ohun tí ó ń tì í mọ́ bí kò ṣe ìwúwo ara rẹ̀. Nítorí náà, páìpù tí yóò gbé e padà gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó gbọ́dọ̀ máa dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sí ìsàlẹ̀ láìwọ́, kí ẹnu rẹ̀ sì wọ abọ́ ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì lókè ibi tí ọ́ìlì dé. Bí oníṣẹ́ bá tẹ páìpù náà sókè, ọ́ìlì yóò kún sẹ́yìn, yóò jò sínú ọ̀nà èéfín, ọkọ̀ yóò sì máa rú èéfín aláwọ̀ aró.

Büchi kú ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, ní ẹni 80 ọdún. Ní ọdún 1962 ni Oldsmobile àti Chevrolet ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó ní tọ́bò fún gbogbo ènìyàn. Ojú rẹ̀ kò tó o. Ẹ̀kọ́ tí ìgbésí ayé rẹ̀ kọ́ wa ni pé kí a má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tí ayé ń dà nù, kí a má sì tìtorí ìṣubú kan ṣoṣo fi iṣẹ́ rere sílẹ̀.