Miles Davis: Ohùn Kan Nínú Orin Púpọ̀

Ìtàn ọ̀gá afunfèrè jáàsì kan ni a mú wá lọ́tẹ̀ yìí, Miles Davis ará Amẹ́ríkà.

Ìlú Alton ní ìpínlẹ̀ Illinois ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 1926. Oníṣègùn eyín ni bàbá rẹ̀. Ní 1944 ó lọ sí New York láti kọ́ orin ní Juilliard, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Charlie Parker ni ó ti kọ́ṣẹ́ jù. Nígbà tí àwo rẹ̀ Kind of Blue jáde ní 1959, òkìkí rẹ̀ ti kàn. Ẹlòmíràn ì bá jókòó ti òkìkí yẹn.

Àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ti ń jó fọ́ǹkì James Brown àti Sly Stone. Jáàsì kò fi bẹ́ẹ̀ wù wọ́n mọ́. Betty Mabry, akọrin tí Davis gbé níyàwó ní 1968, ni ó mú un mọ Jimi Hendrix. Davis bá kó dùùrù oníná àti jìtá oníná wọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1969 wọ́n gba ohùn Bitches Brew sílẹ̀: wọ́n ń ṣeré, téèpù ń yí, lẹ́yìn náà ni Teo Macero gé téèpù náà, ó sì tò ó bí ẹni ń rán aṣọ. Nínú On the Corner ti 1972, ìlù àti jìtá olóhùn ìsàlẹ̀ ń tún ohun kan náà lù láìsinmi, fèrè Davis sì ń gba inú ẹ̀rọ kọjá, ó ń ké bíi jìtá Hendrix.

Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ àtijọ́ bínú, wọ́n ní ó ti ta jáàsì. Bitches Brew tà gan-an, ṣùgbọ́n On the Corner kò rí ọjà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tí ń fi ẹ̀rọ ṣe orin tó padà wá mọyì rẹ̀.

Àìsàn dá a dúró ní 1975; ó padà ní 1981. Ní 1986 ó ṣe Tutu, tó fi orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Desmond Tutu sọ. Ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1991, lẹ́ni ọdún 65.

Bí a bá gbọ́ àwọn àwo wọ̀nyí tẹ̀léra, ohun gbogbo ni ó yí padà, àfi bí ó ṣe ń fun fèrè: ìró díẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ púpọ̀. Àwa tí à ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ àyálò nínú èdè, ẹ jẹ́ ká rántí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohùn ara rẹ̀, kò sí ohun tó yá tí yóò sọ ọ́ di ẹlòmíràn.