GLOVER ÀTI ÀWỌN ỌLỌ́PÀÁ HAUSA RẸ̀

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ti jókòó nínú Gbọ̀ngàn Glover ní Èkó láti gbọ́ orin tàbí láti wo eré, tí wọn kò sì mọ ẹni tí a sọ ilé náà ní orúkọ rẹ̀. John Hawley Glover ni, ẹni tí ó sọ àwọn ẹrú tí ó sá di ọlọ́pàá.

Ní ọdún 1829 ni a bí i, ó sì wọ iṣẹ́ ológun ojú omi nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méjìlá péré. Ní ọdún 1857 ó bá ọkọ̀ Dayspring gòkè odò Ọya. Àlùfáà Samuel Ajayi Crowther pẹ̀lú wà nínú ìrìn àjò náà. Ọkọ̀ fọ́ lórí àpáta ní ẹ̀bá Jẹ́bbà, Glover sì fi ẹsẹ̀ rìn wá sí Èkó láti wá ìrànlọ́wọ́. Nígbà náà ni àwọn Hausa tí ń bẹ lóko ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, nítorí wọ́n rí i pé ẹni tí ó bá bá òyìnbó yìí dé etí òkun yóò bọ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀.

Ní ọdún 1863 ó di adelé Gómìnà, ọdún méjì lẹ́yìn tí a fi agbára gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Láti 1866 dé 1872 òun ni olórí ìjọba níbẹ̀. Ọlọ́pàá àti ẹ̀wọ̀n, ní abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Àwọn Hausa náà ni ó gbé ìbọn lé lọ́wọ́. Wọn kò ní ìyekan ní ìlú tí wọn ìbá máa ṣàánú fún. Ẹni tí ó bá ní kí a mú, wọn a mú un.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ òmìnira fún ẹrú, olè gbáà ni lójú olówó rẹ̀. Inú bí àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn Ìjẹ̀bú. Ní oṣù kẹta ọdún 1865, nígbà tí ogun Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, Glover rán ọmọ ogun lọ, wọ́n sì tú ibùdó náà ká. Ó tún fi ọlọ́pàá ṣọ́ àwọn ibì kan lórí ilẹ̀ tí Ẹ̀gbá ń pè ní tiwọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867 ni ìfọ́lé dé ní Abẹ́òkúta: a kó ilé ìsìn, a sì lé àwọn òyìnbó oníwàásù jáde. Àwa ọmọ ìjọ a máa ka ọ̀ràn yìí sí ìkórìíra ìgbàgbọ́ nìkan. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ọlọ́pàá ni ó dá ìbínú sílẹ̀, oníwàásù ni ó san gbèsè rẹ̀. Kí a sì sọ òtítọ́, Glover náà ni ó fún àwọn onígbàgbọ́ tí ó sá wá ní ilẹ̀ ní Ebute Mẹ́ta.

Ọ̀nà òwò dí, àwọn oníṣòwò Èkó ké rara, a sì mú un kúrò ní 1872. Síbẹ̀ nígbà tí ogun Aṣánti dé ní 1873, àwọn Hausa tún dìde tẹ̀lé e; ní 12 oṣù kejì 1874 ó wọ Kumasi. Lẹ́yìn èyí ó ṣe Gómìnà ní Newfoundland, ó sì kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1885.

Àwọn Hausa rẹ̀ kò tú ká. Ní 1879 a fi òfin gbé ẹgbẹ́ wọn kalẹ̀. Àwọn àgbà Èkó a máa sọ pé nígbà tí ìjọba ṣí wọn nípò ni ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí fi gba orúkọ rẹ̀, Ọbaléńdé, èyíinì ni pé ọba ni ó lé wọn dé ibẹ̀.