John Coltrane: ọkùnrin tó ń fi fèrè sọ̀rọ̀

Nígbà tí bàbá mi kú, fóònù mi ò sinmi. Àwọn kan ń pè, àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kálukú ló ní àdúrà tó fẹ́ gbà àti òwe tó fẹ́ pa. Oore ni wọ́n ṣe mí, mi ò sì lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n tó bá ti di òru, ọ̀rọ̀ á ti sú mi. Ohun tí mo máa ń gbọ́ lásìkò yẹn ni àwo orin kan tí ẹnikẹ́ni ò ti la ẹnu kọrin rárá: Ballads, ti John Coltrane. Fèrè saxophone, dùùrù, bass àti ìlù, ó tán. Gbogbo rẹ̀ kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àti díẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín á sọ pé orin tí kò ní ọ̀rọ̀, orin inú òtẹ́ẹ̀lì ni, èyí tí wọ́n máa ń gbé sí i kí àlejò má bàa gbọ́ ariwo kíṣíìnì. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà tí mo ka ìtàn ayé ọkùnrin yìí ni mo yí ọkàn padà.

September 23, 1926 ni wọ́n bí i, ní ìlú Hamlet, ìpínlẹ̀ North Carolina lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n High Point ló ti dàgbà. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, ó sì máa ń fi ohun èlò orin ṣeré nílé. Pásítọ̀ ni bàbá ìyá rẹ̀. Nígbà tó wá di ìparí ọdún 1938, ikú wọ ilé yẹn. Láàárín oṣù díẹ̀ péré, bàbá rẹ̀ kú, àwọn òbí àgbà kú, àǹtí rẹ̀ náà kú. Ọmọ ọdún 12 ni. Kò pẹ́ sígbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ fèrè, ó kọ́ clarinet, lẹ́yìn náà ló wá bọ́ sórí saxophone. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, àmọ́ fèrè ò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́dún 1943, ó kó lọ sí Philadelphia. Ó ṣiṣẹ́ ológun ojú omi fúngbà díẹ̀, ó padà wálé, ó ń tẹ̀ lé oríṣiríṣi ẹgbẹ́ olórin kiri. Ibẹ̀ ni heroin àti ọtí ti mú un. Ẹ jẹ́ ká má fi bò: ó ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Johnny Hodges, ẹni tó ti ń wò bí àwòkọ́ṣe láti kékeré, tí kò sí ẹni tó mọ orin jẹ́jẹ́ fun jù ú lọ nígbà ayé rẹ̀, gbà á síṣẹ́, ó sì lé e lọ́dún 1954. Miles Davis gbà á lọ́dún 1955. Nígbà tó di 1957, Miles náà lé e.

Ó padà sí Philadelphia, sí ilé ìyá rẹ̀, ó ti ara rẹ̀ mọ́lé, ó sì jáwọ́ nínú oògùn náà lẹ́ẹ̀kan náà. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó yá pé oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run lòun rí gbà lọ́dún yẹn. Kí ọdún náà tó parí, ó ti ń bá Thelonious Monk ṣeré ní Five Spot ní New York. Miles gbà á padà, òun náà sì wà nínú àwo Kind of Blue ti ọdún 1959. Ní December ọdún yẹn, ó gba ohùn orin kan tó fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ pè, Naima, sílẹ̀. Bass á dúró lórí ohùn kan fúngbà pípẹ́, fèrè á wá máa rìn lórí rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

Lọ́dún 1961, ohùn rẹ̀ ti le gan-an, orin kan lè gba ogún ìṣẹ́jú. Akọ̀ròyìn kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Down Beat pé ohun tó ń ṣe ò kí í ṣe jazz mọ́, pé ṣe ló ń dojú ìjà kọ jazz. Àárín àsìkò yẹn gan-an, láti December 1961 sí November 1962, ló ń gba Ballads sílẹ̀ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ Rudy Van Gelder ní New Jersey. Orin mẹ́jọ ni, orin ìfẹ́ tó ti ní ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ó yọ ọ̀rọ̀ kúrò, ó fi ohùn sílẹ̀, kò sì fi nǹkan púpọ̀ kún un. Elvin Jones, tó máa ń lu ìlù bí àrá, fi burọ́ọ̀ṣì oníwáyà ra ojú ìlù. McCoy Tyner rọra tẹ dùùrù. Tí Coltrane bá dé òpin gbólóhùn kan, á dákẹ́, á mí, kó tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ó yẹ kí èyí yé àwa Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ. Ta ló nílò ẹnu kó tó mọ̀ pé dùndún ń ki òun? Lọ́dún 1964, nínú apá tó gbẹ̀yìn àwo A Love Supreme, Coltrane kọ àdúrà kan, ó tẹ̀ ẹ́ sára páálí àwo, ó wá fi fèrè ka àdúrà náà ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò la ẹnu. Bó ṣe ṣe náà nìyẹn lọ́dún 1963, nígbà tí bọ́ǹbù pa ọmọbìnrin mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Birmingham. Ó fun orin kan tó pè ní Alabama. Ẹ gbọ́ ọ, ọ̀fọ̀ ni.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan sì wà lára àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀: Babatunde Olatunji, onílù láti Àjídò, lẹ́bàá Badagry. Coltrane ṣe orin kan lọ́dún 1962, ó pè é ní Tunji. Nígbà tí Olatunji dá ibùdó àṣà Áfíríkà sílẹ̀ ní Harlem, Coltrane kọ́wọ́ tì í. Ní April 23, 1967, ó wá ṣeré níbẹ̀, eré tó gbẹ̀yìn tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níwájú èrò. Ara rẹ̀ ò yá. Orin ọjọ́ yẹn ò sì ní jẹ́jẹ́ kankan nínú, igbe ni látòkè délẹ̀. Ní July 17, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ pa á. Ọmọ 40 ọdún.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé mo ti rò pé ẹni tí ojú ẹ̀ ò rí nǹkan ló máa ń fun orin tó tutù bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Ẹni tó sin bàbá rẹ̀ lọ́mọ ọdún 12 ni, tí wọ́n lé níṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, tó mọ bí wọ́n ṣe ń pariwo. Ó mọ̀ ọ́n mọ̀ fun jẹ́jẹ́ ni.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Say It, òun ló ṣíwájú nínú Ballads. Ẹ dúró dìgbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti kú. Tẹ́ ẹ bá sì mọ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lọ́wọ́, ẹ lọ jókòó tì í díẹ̀. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀.