ASMAU ỌMỌ UMAYS: OBÌNRIN OLÓHÍJÍRÀ MÉJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó ni ilẹ̀, tí Ó ni òkun. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ìtàn obìnrin kan ni a fẹ́ mú wá fún yín ní oṣù yìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ nípa ọkọ rẹ̀, Jafar ọmọ Abu Talib, àti ọ̀rọ̀ tí ó sọ níwájú ọba Hábáṣà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà parí, tí ọba sì dá ẹjọ́ tán, ilé ni Jafar padà sí. Ta ni ó wà nínú ilé náà? Báwo ni wọ́n ṣe gbé ibẹ̀ fún ọdún tí ó lé ní 12, tí wọ́n bímọ, tí wọ́n tọ́ ọmọ, láàrin àwọn tí kò gbọ́ èdè wọn? Ìtàn Asmau ọmọ Umays ni yóò dá wa lóhùn.

Ìran rẹ̀ àti ìrìn-àjò àkọ́kọ́

Ẹ̀yà Khath'am ni Asmau (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) ti wá. Ìyá rẹ̀, Hind ọmọ Awf, jẹ́ abiyamọ tí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ di ìyàwó àwọn ènìyàn ńlá nínú Ìsìláàmù. Maymuna, tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) padà fẹ́, ọmọ ìyá Asmau ni. Ummul-Fadl, ìyàwó Abbas, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Salma, ìyàwó Hamza, ọmọ ìyá ọmọ bàbá ni òun àti Asmau. Jafar tí ó fẹ́ Asmau jẹ́ ẹ̀gbọ́n Ali, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sì ni. Tọkọtaya náà gba Ìsìláàmù ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ènìyàn nínú ilé Arqam.

Nígbà tí ìyà tí àwọn Kuraiṣi fi ń jẹ àwọn Mùsùlùmí pọ̀ jù, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fi ọ̀nà Hábáṣà hàn wọ́n. Òdì-kejì Òkun Pupa ni ilẹ̀ náà wà, níbi tí Etiópíà àti Eritrea wà lónìí. Ọba kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ lábẹ́ òun. Ní ọdún 615 ni àwọn àkọ́kọ́ lọ, ọkùnrin bíi 11 àti obìnrin 4. Àwọn mìíràn tẹ̀lé wọn, títí tí àwọn ọkùnrin fi lé ní 80, tí àwọn obìnrin sì tó bíi 18. Jafar àti Asmau wà nínú wọn.

Ẹ má ṣe rò pé àìríjẹ ni ó lé wọn kúrò nílé. Abu Talib, bàbá Jafar, jẹ́ àgbà tí gbogbo Mẹ́kà ń bọ̀wọ̀ fún. Wọ́n fi ilé àti ẹbí sílẹ̀ kí wọ́n lè sin Ọlọ́hun láìsí ìdíwọ́. Àníyàn ni ó ń sọ ìrìn-àjò di ìjọsìn. Ènìyàn méjì lè wọ ọkọ̀ kan náà, kí ibi tí ọkàn wọn ń lọ sì yàtọ̀.

Kuraiṣi kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Wọ́n rán Amr ọmọ Al-As àti Abdullah ọmọ Abu Rabia sí Najaṣi, ọba Hábáṣà, pẹ̀lú ẹ̀bùn awọ dáradára, kí ó lè dá àwọn àlejò náà padà. Ọba ní òun kò ní fi wọ́n lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láìgbọ́ tẹnu wọn. Jafar ni ó bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń bọ òrìṣà tẹ́lẹ̀, bí alágbára ṣe ń jẹ aláìlágbára níyà, àti bí Ọlọ́hun ṣe gbé Òjíṣẹ́ dìde sí wọn. Ó ka ìbẹ̀rẹ̀ súrà Maryam, ọba sì sunkún. Ní ọjọ́ kejì, Amr tún padà wá, ó ní kí ọba bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń sọ nípa Ànábì Ísà. Ẹ wo ìdánwò! Ẹlẹ́sìn Kìrìsìtẹ́nì ni ọba, orí ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n wà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì lè lé wọn jáde. Àwọn Mùsùlùmí fi ohùn ṣọ̀kan pé ohun tí Ọlọ́hun sọ ni àwọn yóò sọ, ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ kí ó ṣẹlẹ̀. Jafar sọ fún ọba pé ẹrú Ọlọ́hun àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni Ísà, ọmọ Maryam wúńdíá. Ọba gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó dá ẹ̀bùn Kuraiṣi padà, ó sì ní kí àwọn àlejò òun máa gbé ní àlàáfíà.

Ilé tuntun

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníwàásù ti máa ń dánu dúró. Ṣùgbọ́n àṣẹ ọba nìkan kọ́ ni ilé. Ẹni tí ó bá ti ṣí lọ sí ìlú àjèjì rí mọ̀ pé lẹ́yìn àṣẹ ìgbélùú ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Èdè wà láti kọ́, ìṣe àwọn onílé wà láti mọ̀, ọmọ wà láti tọ́. Ilẹ̀ Hábáṣà ni Asmau ti bí ọmọkùnrin mẹ́ta fún Jafar: Abdullah, Muhammad àti Awn. Àwọn onítàn kan sọ pé ní àkókò tí ó bí Abdullah ni a bí ọmọkùnrin kan fún ọba náà. Wọ́n ní ọba béèrè orúkọ tí Jafar sọ ọmọ tirẹ̀, ó sì sọ ọmọ náà ní Abdullah pẹ̀lú, àti pé Asmau fún ọmọ ọba lọ́mú títí tí wọ́n fi já a lẹ́nu ọmú. Àlejò ti di alábàágbé nìyẹn.

Ìgbà kan wà tí ẹnì kan dìde sí ọba láti gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkàn àwọn Mùsùlùmí kò balẹ̀, nítorí wọn kò mọ̀ bóyá ẹni tí yóò jẹ yóò mọ ẹ̀tọ́ wọn. Zubayr ọmọ Al-Awwam, ọ̀dọ́ inú wọn, gun awọ tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, ó fi lúwẹ̀ẹ́ kọjá odò Náílì lọ wo ojú ogun. Àwọn tó kù ń ṣe àdúrà kí Ọlọ́hun fún ọba ní ìṣẹ́gun. Nígbà tí ìròyìn ayọ̀ dé, ayọ̀ wọn kò kéré. Wọn kò gba ẹ̀sìn ọba, síbẹ̀ wọ́n fẹ́ ire fún un.

Ìdánwò tí ó le jù ti àárín àwọn fúnra wọn wá. Àwọn onítàn sọ pé Ubaydullah ọmọ Jahṣi, tí ó bá wọn ṣí lọ nítorí Ìsìláàmù, fi ẹ̀sìn sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì kú síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Umm Habiba, di ìgbàgbọ́ tirẹ̀ mú ṣinṣin. Ọlọ́hun fi èyí tó dára jù rọ́pò fún un: Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ránṣẹ́ láti Mọdínà pé òun yóò fẹ́ ẹ, Najaṣi fúnra rẹ̀ ni ó sì san owó sọ̀dáàkì. Ilé kan náà ni tọkọtaya yìí gbé, ìlú kan náà ni wọ́n wà. Ẹnì kan sọnù, ẹnì kan là. Ẹ má ṣe di gbogbo ẹ̀bi ru ìlú òkèèrè.

Ní 622, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mọdínà. Ogun Badru, ogun Uhudu àti ogun Kòtò, gbogbo wọn kọjá, ẹ̀yìn odi ni Asmau wà. Àwọn kan ti padà ṣáájú. Jafar àti ìdílé rẹ̀ dúró, nítorí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni ó rán wọn lọ, tí ó sì ní kí wọ́n dúró. Àlàyé yìí ni Jafar ṣe fún Abu Musa Al-Ash'ari àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tí wọ́n lé ní 50. Láti Yẹ́mẹ̀n ni wọ́n ti wọkọ̀ láti lọ bá Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ọkọ̀ tó gbé wọn gúnlẹ̀ sí Hábáṣà. Àwọn náà bá wọn dúró.

Ìpadàbọ̀

Ní ọdún keje lẹ́yìn híjírà, èyí tí í ṣe 628, ọkọ̀ ojú omi méjì gbé wọn padà. Khaibar ni wọ́n ti bá Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́gun ibẹ̀. Ó sọ pé òun kò mọ èyí tí ó dùn mọ́ òun jù, ìṣẹ́gun Khaibar ni tàbí dídé Jafar. Ó sì fún àwọn ará ọkọ̀ náà ní ìpín nínú ọrọ̀ Khaibar, bẹ́ẹ̀ wọn kò sí lójú ogun.

Kò gbàgbé àwọn ọmọdé tí wọ́n bí sí ìlú òkèèrè. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n kó aṣọ wá fún un, ó ní kí wọ́n pe Umm Khalid wá, ọmọbìnrin kékeré kan tí wọ́n bí sí Hábáṣà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ aṣọ kan fún un, ó sì fi èdè Hábáṣà sọ fún un pé ó rẹwà. Ọmọ náà gbọ́ èdè tí ó mọ̀ láti ẹnu Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ń bọ̀ wá bá Asmau. Ó lọ kí Hafsat, ìyàwó Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Umar wọlé bá ọmọ rẹ̀, ó sì béèrè ẹni tí àlejò náà jẹ́. Nígbà tí wọ́n dárúkọ rẹ̀, Umar bi í bóyá ará Hábáṣà nì ni, bóyá ará òkun nì ni. Asmau ní bẹ́ẹ̀ ni. Umar wá sọ pé àwọn ti ṣáájú wọn ṣe híjírà, nítorí náà àwọn ni ó ní ẹ̀tọ́ sí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun jù wọ́n lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dun Asmau wọra. Ẹ rò ó wò, ọdún 12 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó wá dà bí ẹni pé òfo ni! Ó dá Umar lóhùn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn Umar wà lọ́dọ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, tí ó ń bọ́ ẹni tí ebi ń pa nínú wọn, tí ó sì ń kọ́ ẹni tí kò mọ̀, nígbà tí àwọn wà nílẹ̀ jíjìnnà láàrin àwọn tí kì í ṣe ẹni wọn, nínú ìnira àti ìbẹ̀rù, nítorí Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ó búra pé òun kò ní jẹ, òun kò ní mu, títí òun yóò fi sọ ọ́ fún Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, òun kò sì ní fi irọ́ kún un. Nígbà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun dé, ó rò ó fún un bí ó ṣe rí. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun dá ẹjọ́ pé Umar kò ní ẹ̀tọ́ sí òun jù wọ́n lọ. Ó ní híjírà kan ni ti Umar àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, híjírà méjì ni ti àwọn ará ọkọ̀.

Láti ọjọ́ náà, Abu Musa àti àwọn ará ọkọ̀ ń wá bá Asmau lọ́wọ̀ọ̀wọ́ kí ó tún un sọ fún wọn. Kò sí ohun ayé kan tí ó dùn mọ́ wọn tó o. A kò sọ èyí láti fi bu Umar kù. Ipò rẹ̀ ga, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. A sọ ọ́ kí ẹ̀yin arábìnrin wa lè rí i pé Asmau kò di ọ̀rọ̀ sínú, kò sì gbé e kiri ojúlé. Ibi tí ẹjọ́ yẹ ni ó gbé e lọ, kò sì bù mọ́ ọn.

Ọjọ́ ọ̀fọ̀ àti ọjọ́ ogbó

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, 629, Jafar jáde lọ sí ogun Muta, kò sì padà. Wọ́n gé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì níbi tí ó ti di àsíá mú. Asmau ti po ìyẹ̀fun, ó ti wẹ àwọn ọmọ, ó ti fi òróró pa wọ́n lára, nígbà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun wọlé. Ó ní kí ó kó àwọn ọmọ náà wá, ó fi imú gbóòórùn wọn, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Báyìí ni Asmau ṣe mọ̀. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí wọ́n se oúnjẹ fún ará ilé Jafar, nítorí ohun tí ó dé bá wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè dáná. Níbí tiwa, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni a máa ń retí pé kí ó se ìrẹsì, kí ó pa màlúù fún àwa tí a wá kí i. Ẹ jẹ́ kí ojú tì wá díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Abu Bakr fẹ́ Asmau. Ọ̀nà haji ìdágbére ni ó ti bí Muhammad ọmọ Abu Bakr, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sì ní kí ó wẹ̀, kí ó gbé haramí. Láti ara rẹ̀ ni a ti mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ìbímọ kì í dí obìnrin lọ́wọ́ láti gbé haramí. Nígbà tí Fatima, ọmọ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ń ronú nípa bí wọ́n ṣe ń gbé òkú obìnrin tí ìrísí ara rẹ̀ ń hàn lábẹ́ aṣọ, a gbọ́ pé Asmau ni ó fi ohun tí ó rí ní Hábáṣà hàn án: wọ́n á tẹ imọ̀ ọ̀pẹ sórí ohun tí wọ́n fi ń gbé òkú, wọ́n á sì da aṣọ bò ó. Ó tẹ́ Fatima lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ṣe gbé e. Abu Bakr pa á láṣẹ kí ó tó kú ní 634 pé Asmau ni kí ó wẹ òun. Ali ni ó fẹ́ ẹ gbẹ̀yìn.

Ẹ̀kọ́ fún wa

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àwọn ará wa wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n wà ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yin náà sì lè lọ lọ́la. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ mú lọ láti inú ilé Asmau. Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe gé ìgbàgbọ́ kúrú nítorí kí onílé lè fẹ́ràn yín. Najaṣi bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí pé wọ́n sọ òtítọ́. Èkejì, ẹ fẹ́ ire fún ìlú tí ó gbà yín, ẹ sì kọ́ ohun rere tí wọ́n ní, bí Asmau ti kọ́. Ẹ̀kẹta, ọmọ ni kí ẹ máa ṣọ́, nítorí ibi tí a bí ọmọ sí ni yóò máa pè nílé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ńkọ́? Ẹ má ṣe wọn ìyà tí ẹ kò jẹ. Ẹni tí ó ń jí kírun àárọ̀ nínú òtútù, tí kò gbọ́ ohùn ládàánì kankan, ó lè ní ẹ̀san tí a kò mọ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Kí Ọlọ́hun yọ́nú sí Asmau àti Jafar. Kí Ó ṣọ́ àwọn ará wa tí wọ́n wà ní òkè òkun pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, kí Ó sì tún àníyàn wa ṣe nílé lóko. Àmín.