Federico Caprilli, jagunjagun tó ní kí ẹlẹ́ṣin dìde lórí gàárì

Ẹni tó bá ti rí àwọn tó ń fi alùpùpù sáré nínú igbó àti lórí òkè yóò ti ṣàkíyèsí pé wọn kì í sábà jókòó. Orí irin ìtẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró sí, wọn á tẹ orúnkún díẹ̀, wọn á sì na àyà síwájú. Lójú ẹni tí kò mọ̀, àṣehàn lásán ni. Ṣùgbọ́n kí alùpùpù tó gbòde rárá ni ọ̀rọ̀ ìjókòó àti ìdúró yìí ti dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ láàrin àwọn tó ń gẹṣin. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ sì yanjú àríyànjiyàn náà ni Federico Caprilli, ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Ítálì.

Ìlú Livorno, létí òkun, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1868. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun ló ti dàgbà, ibẹ̀ ló sì gbà dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin tó wà ní Pinerolo, nítòsí Turin. Ó tún lọ sí Tor di Quinto, lẹ́bàá Róòmù, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹṣin la pápá kọjá, tí wọ́n sì ń fi í sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè.

Ní àsìkò náà, ohun tí wọ́n ń kọ́ ẹlẹ́ṣin ni pé bí ẹṣin bá fẹ́ fo ògiri tàbí kòtò, kí ẹni tó gùn ún jókòó pa sínú gàárì, kí ó fara sẹ́yìn, kí ó na ẹsẹ̀ síwájú, kí ó sì fa ìjánu. Èrò wọn ni pé èyí ni kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin fara pa, nítorí wọ́n gbà pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló yẹ kó kọ́kọ́ kanlẹ̀. Ìyà ńlá ni ẹṣin ń jẹ nínú rẹ̀. Bí ó bá ti fò, ìdí ẹni tó gùn ún á gbá a lẹ́yìn, irin ìjánu á sì máa dùn ún lẹ́nu. Nígbà tó bá yá, ẹranko náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù, á dúró gbagidi níwájú ògiri, bí wọ́n nà án títí kò ní fò.

Caprilli kò gbà pé ẹṣin ló lẹ́bi. Ó fara balẹ̀ wo ẹṣin tí ẹnikẹ́ni kò gùn bí ó ti ń fò, ó sì rí i pé ẹsẹ̀ iwájú ló fi ń kanlẹ̀ nígbà gbogbo, àti pé ó máa ń na ọrùn rẹ̀ síwájú. Ohun tí ẹṣin nílò láti fò gan-an ni ẹlẹ́ṣin ń dí i lọ́wọ́ láti ṣe. Ló bá yí ẹ̀kọ́ náà padà. Ó ní kí wọ́n dín gígùn okùn àlùkẹ́ńbù, irin tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, kù. Kí ẹlẹ́ṣin gbé ìdí kúrò lórí gàárì, kí ó tẹ̀ síwájú, kí ọwọ́ rẹ̀ sì máa tẹ̀ lé ẹnu ẹṣin. Kì í ṣe ìdúró gbagidi bí òpó. Orúnkún tó tẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ìnira ilẹ̀ dé ara.

Àwọn àgbà ọ̀gá kò tètè gbà. Àfojúdi ni wọ́n ka ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin náà sí. Ní ọdún 1901, ó kọ àlàyé ìlànà rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin. Nígbà tó di ọdún 1902, ní Turin, ó fi ẹṣin rẹ̀, Melopo, fo ohun tó ga tó mítà 2.08, èyí tó ga ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ológun Ítálì gba ẹ̀kọ́ náà wọlé, tí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ mìíràn sì ń wá kọ́ ọ ní Pinerolo.

Bó pẹ́ bó yá, ẹni tó gẹṣin á sọ̀kalẹ̀. Ti Caprilli ló yá jù. Ní oṣù December ọdún 1907, ní Turin, ó ṣubú lórí ẹṣin, ó forí gbá ilẹ̀, ó sì kú ní ẹni ọdún 39. Ẹni tó ti fo ògiri tó ga bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ògiri ló pa á. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò bá a kú. Ní ọdún 1920, níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní Antwerp, ọmọ Ítálì, Tommaso Lequio, ló gba góòlù nínú fífi ẹṣin fo nǹkan.

Ìdí kan náà ló ń mú ẹni tó gun alùpùpù dìde nínú igbó. Bí táyà bá ń ti orí òkúta bọ́ sórí gbòǹgbò, ọ̀pá ẹ̀yìn ẹni tó jókòó ni yóò gba gbogbo rẹ̀. Lábẹ́ ẹni tó dúró, alùpùpù á máa jó, ara rẹ̀ á sì dúró jẹ́jẹ́. Síbẹ̀, ìdúró náà ní àkókò tirẹ̀. Bí wọ́n bá dé ibi tó yí kọ́rọ́, wọn á jókòó súnmọ́ táńkì epo, wọn á na ẹsẹ̀ kan síta. Bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọn á sún ìdí sẹ́yìn, èyí tí kò bá ti Caprilli mu. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà kò yí padà: ẹni tó bá gun nǹkan, kó bá a rìn, kó má kàn di ẹrù lé e lẹ́yìn.